Ilé-Ìwé Pọ̀, Ìmọ̀ Ńkọ́? Ọ̀ràn Ẹ̀kọ́ ní Ọlá, Èjìgbò àti Agbègbè Wọn

Ní Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti àwọn ìlú tó yí i ká, Ọlá, Ìká, Ìwátà, Másìfá, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn mìíràn, ìbéèrè kan wà tí òbí máa ń bi ọmọ tó bá ti ń bàlágà: ṣé ìwé lo máa kà ni, àbí Àbíjàn lo máa lọ? Níbòmíràn, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa ń gbé ka ẹ̀gbẹ́ ìwé. Níhìn-ín, orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire lódindi ni. Mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ ń gbéra láti Èjìgbò fúnra rẹ̀, ó ń gba orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà kọjá. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lọ́jà, bí ọmọdé bá sì ń fi Faransé bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà ládùúgbò, kò sí ẹni tí yóò dúró wò wọ́n.

Ìbéèrè yẹn kò tọ̀nà tó bó ṣe ń dún létí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó lọ Àbíjàn fi ìmọ̀ sílẹ̀ ó lọ wá owó, ẹni tó jókòó sí kíláàsì ló ń wá ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí àwọn ará agbègbè yìí fi ń jẹun láti ìran dé ìran, ìta ilé-ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ náà sì ti lo ọdún mẹ́fà, ọdún méjìlá, nínú ilé-ìwé láìrí nǹkan gbé jáde ju bébà lọ. Ohun tí ìjọba wa máa ń kà ni iye ilé-ìwé, iye ọmọ àti iye sáàtífíkéètì. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ ni kò sẹ́ni tó ń kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Àbíjàn. Ní 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé láti Àbíjàn wọ ìlú òkè. Ibi tí ọ̀nà bá là dé ni oníṣòwò ń dé, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lọ́hùn-ún sì wà lára àwọn tó tètè rí ọjà náà. Nígbà tó yá, Èjìgbò àti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ di ọ̀kan gbòógì nínú ibi tí wọ́n ti ń lọ. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á bá ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àǹtí rẹ̀ lọ. Á kọ́kọ́ máa gbé àtẹ kiri: abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, ìpara. Á gbọ́ Jùlá lẹ́nu oníbàárà, á gbọ́ Faransé lẹ́nu ọlọ́pàá àti ọmọ àdúgbò. Á mọ iye tí ọjà ń jẹ́ nígbà òjò àti nígbà ọdún, á mọ ẹni tí a lè tà fún láwìn àti ẹni tí èèyàn kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Bó bá ṣi ṣéńjì kà, ọ̀gá á mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò níí di ìparí táàmù kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun féèlì. Lẹ́yìn ọdún bí mélòó kan, ọ̀gá á dá a sílẹ̀, á fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni ìyẹn. Èdè mẹ́ta, ìṣirò orí, ìwà tí wọ́n fi ń fọkàn tán èèyàn, àti bí a ṣe ń kọjá ní ẹnu ibodè mẹ́rin. Owó rẹ̀ ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àlejò ń rí ní Èjìgbò, òun náà ló sì fà á tí àwọn kan fi ń fi ẹnu ẹ̀gàn sọ̀rọ̀ olówó oṣù tó kàwé tí kò ní ilé.

Àmọ́ ó ní ibi tí ìmọ̀ ọjà ń mọ. Ní 1990, ìjọba Côte d'Ivoire gbé káàdì ìgbélùú kalẹ̀ fún àlejò. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni kì í ṣe. Ẹni tó ti ń sọ Faransé láti ogún ọdún, tí kò lè kà á, wá ń gbé fọ́ọ̀mù kiri ọ́fíìsì, ó ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó bá òun kọ ọ́. Ìwé ilẹ̀, ìwé ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìbí ọmọ: ẹni tí kò lè ka tirẹ̀ ń gba ohun tí wọ́n bá kà fún un gbọ́. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún ní 2002, wàhálà ìdìbò sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2010 sí 2011. Ọ̀pọ̀ ló sá padà wálé, wọ́n sì kó ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún dání. Káàdì náà ti kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS láti 2007, àmọ́ ojú ti rí i pé ẹni tí kò mọ̀wé máa ń fi ìdúró ara rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé, agbègbè yìí ti ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ jinlẹ̀. Ọmọ awo ń gbé lọ́dọ̀ babaláwo, ó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún há odù Ifá sórí. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni gbogbo wọn, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ tirẹ̀. Ọmọ kéwú ń kọ́ lórí wàláà níwájú àáfáà. Ohun kan tí mo fẹ́ kí a kíyè sí nípa kéwú ni pé Lárúbáwá ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n àáfáà tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ á kà á, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lójú kan náà. Kò sí àáfáà tó rò pé bí òun bá sọ Yorùbá, ìmọ̀ Lárúbáwá yóò sá kúrò lórí ọmọ.

Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé ìwé òyìnbó wá. Badagry ni wọ́n ti dá ilé-ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1843. Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Èjìgbò. Ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń rìn ni. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fa ọmọ wọn sẹ́yìn títí àwọn ọ̀mọ̀wé inú wọn fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìjẹ́ pé ó yí orúkọ padà. Títí di ìgbà yẹn, ìwé kíkà ṣì jẹ́ ti àwọn díẹ̀. Òbí tó ní ọmọ mẹ́rin lè fi ẹyọ kan sílé-ìwé, kó fi àwọn yòókù sóko.

Ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1955 ni nǹkan yí padà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú Stephen Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, sọ ìwé kíkà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Wọ́n gé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ sí mẹ́fà. Ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà ní 1954. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 811,432. Inú aráàlú kò kọ́kọ́ dùn sí i o. Kí owó rẹ̀ lè wá, ìjọba bu owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn èèyàn sì bínú débi pé ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi lọ́wọ́ NCNC nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Lónìí, àwọn tí bàbá wọn bínú sí owó orí náà ló ń fi orúkọ Awólọ́wọ̀ búra. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí olóṣèlú bá ní òun ò lè ṣe nǹkan tó dára nítorí aráàlú kò níí fẹ́ràn rẹ̀.

Ètò náà ní àléébù, a ò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ tí wọ́n kó wá sì ni kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ 1955 dé ìwé mẹ́fà ní 1960, èsì ìdánwò wọn mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Bánjọ dìde láti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Àwọn tó jáde ilé-ìwé mọ́dà, ìyẹn ọdún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń wá iṣẹ́ akọ̀wé tí kò sí. Ìjọba dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ní nǹkan bí 1959 sí 1960, ní àpẹẹrẹ Israel, àmọ́ díẹ̀ nínú wọn ló dúró níbẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé ti fi ọdún mẹ́sàn-án sọ fún ọmọ ni pé oko ni ibi tí a máa ń rán ẹni tí kò mọ̀wé lọ. Báwo ló ṣe máa padà síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀?

Láti ìgbà náà, ìjọba kan kò kọjá kó má fi tirẹ̀ kún un. Ìjọba àpapọ̀ gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ kalẹ̀ ní 1976, ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979 nígbà tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) tẹ̀ lé e ní 2004. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Gómìnà ìgbà náà, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé tábíléètì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013. Akẹ́kọ̀ọ́ girama 150,000 ni wọ́n ní àwọn máa fún. Ìwé kíkà àti ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Mo gbóríyìn fún ìrònú náà, nítorí ọmọ tó wà ní Ọlá kò lè rí ṣọ́ọ̀bù ìwé kankan yà sí. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú Ifá, ó dùn létí. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tán.

Èdè yìí ni mo gbà pé ọ̀ràn náà pin sí. Ní 2022, Báńkì Àgbáyé, UNESCO àti UNICEF sọ pé nínú ọmọ ọdún mẹ́wàá ọgọ́rùn-ún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, nǹkan bí àádọ́rin kò lè ka ìtàn kékeré kan kó yé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sílé-ìwé o. Ẹ wọ kíláàsì ìjọba kan lágbègbè yìí, ẹ ó rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: olùkọ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó, àwọn ọmọ kà á lé e lóhùn kan bí orin, olùkọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ní kíákíá, ó ń wo ẹnu ọ̀nà kí alábòójútó má bàa gbọ́, ìdánwò sì wá ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó mọ ìdáhùn ní Yorùbá kò rí ibi kọ ọ́ sí.

Tí àwọn ọmọ tó ti Àbíjàn dé ló tún le jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń sọ Faransé àti Yorùbá, tó mọ̀ ọ́n kà ní Faransé, ni wọ́n ń dá padà sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà nítorí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, ní 1996 ni ìjọba Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, láti 1991 sì ni abúlé Faransé ti wà ní Badagry, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ kọ́ ohun tí ọmọ yìí fi ń béèrè omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tí à bá ṣe. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St Stephen's A ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà àtijọ́, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Wọn ò dá iṣẹ́ náà lé ẹnu lásán. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò kẹ́yìn nínú ohunkóhun, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Mọ́dákẹ́kẹ́ àti Èjìgbò jọ wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Orí tábìlì àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ni àbájáde yẹn wà. Ilé-ìwé ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é gan-an kò lò ó.

Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó gbìyànjú. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà Túnjí Àlàùsá kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń féèlì WAEC àti JAMB jù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní lábẹ́ òfin 2022 kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó ṣe WAEC? Olùkọ́ tó ń fi ẹnu túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ, tí kò ní ìwé Yorùbá kan lọ́wọ́, kò sì ṣe ohun tí wọ́n ṣe ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọn kò tíì dán an wò ní ilé-ìwé wa tí wọ́n fi ní kò dára.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kíláàsì nìkan ni mò ń sọ, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oní-POS ní ọjọ́ ọjà. Màmá àgbàlagbà kan á ti abúlé wá gba owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Á tú ìdí aṣọ, á yọ káàdì tí ó fi ọ̀rá wé. Á na káàdì náà sí ọmọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù, á sì pe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sókè níwájú gbogbo èèyàn: ẹ tẹ méjì, ẹ tẹ ọ̀kan. Ọmọ náà á tẹ̀ ẹ́, á ka owó fún un, á sọ èyí tó kù fún un, màmá á ní kí Ọlọ́run bù kún un. Ọ̀pọ̀ oní-POS jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ayé òde òní ti sọ òótọ́ ọmọ yẹn di báńkì màmá. Lórí fóònù náà, ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí náà ó lè pẹ́ kí ọmọ tó wà ní Àbíjàn tó mọ̀ pé ìyá òun kò lè ka lẹ́tà kan. Ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ láyé ọjọ́un, tí bàbá àgbàlagbà ń fi fìtílà kọ a, b, d, kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ rárá, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbé owó kalẹ̀ fún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Télọ̀, mẹkáníìkì, ríwáyà, onídìrí: ọmọ á lo ọdún méjì sí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, ẹgbẹ́ á péjọ, ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní ìjọba, a kì í gbọ́ orúkọ wọn. Àjọ ìdánwò NABTEB wà láti 1992 láti máa dán irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kí ó sì fún un ní ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní ìgboro Èjìgbò kò ka ara wọn mọ́ ọn. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti hàn kedere jù lójú mi ni oko. Isu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni ọ̀pọ̀ ará Ọlá ń gbìn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kòkòrò funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun tẹ̀ lé ẹ̀gẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Kóńgò, ó tàn kálẹ̀, ó sì ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò. Àwọn onímọ̀ ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣe olórí wọn lórí iṣẹ́ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbòmíràn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Paraguay, wọ́n rí agbọ́n kíún kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, wọ́n kó o wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981. Agbọ́n yẹn borí kòkòrò náà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995. Àgbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà kò nílò láti kàwé kí agbọ́n tó ṣiṣẹ́ fún un.

Ìmọ̀ mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò wá bá àgbẹ̀. Ẹ mú oògùn apakoríko. Lára ìgò rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́: milílítà mélòó sí lítà omi mélòó, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ọjọ́ mélòó kí a tó padà wọ oko. Àgbẹ̀ ń fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, bí koríko bá le, á fi ìdérí kan sí i. Wọ́n ń fi ìgò tó ṣófo bu epo. Paraquat, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, tí àjọ NAFDAC fòfin dè láti oṣù Kìíní 2024, kò ní ẹ̀rọ̀ bí èèyàn bá gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006 ni wọ́n ti fi Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ rẹ̀ sí Èjìgbò, kì í ṣe Òṣogbo. Àwọn tó mọ ohun tó wà lára ìgò yẹn, títí dé bó ṣe ń pa ẹ̀dọ̀fóró, ń ra isu lọ́wọ́ àgbẹ̀ yìí ní ọjọ́ ọjà. Yorùbá ni wọ́n sì fi ń ná an.

N kò dá wọn lẹ́bi tó bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Olùkọ́ yunifásítì ń ga nípò nítorí àpilẹ̀kọ tó tẹ̀ jáde nínú jọ́nà, òkè òkun fún àyànfẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá, tí ó ya àwòrán ìdérí àti kẹ́ẹ̀gì sí i, tí ó pín in ní Ọlá, ní Ayé, ní Àgúródó, tí àgbẹ̀ mẹ́wàá sì tipa rẹ̀ yéé fi ìgò májèlé bu epo, kò sí ojú ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù ìgbéga rẹ̀ tí wọ́n ní kó kọ ọ́ sí.